Òjò Ni Yóò Gbé E Lọ

Kí n tó mọ̀ pé ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé wa, òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí atẹ́gùn bá ti ọ̀dọ̀ omi wá, ìyá mi á ti fèrèsé pa kí ó tó kírun, á ní òun ò fẹ́ kí òórùn kankan bá àdúrà òun gòkè. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé kan tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dé etí omi, tí kò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Àwọn àgbà ilé máa ń sọ pé èbúté gidi ni ẹ̀yìnkùlé wa nígbà kan, pé iyanrìn ló wà níbẹ̀, pé ọkọ̀ á gúnlẹ̀, ọmọdé á sì bọ́ sómi láìbẹ̀rù ohunkóhun. Èmi ò bá iyanrìn kankan níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni mo bá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó máa ń hó jẹ́jẹ́ bí oòrùn bá mú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì kó sínú rẹ̀ á fọ ẹsẹ̀ náà títí á fi sú u.

Bí ẹrẹ̀ náà ṣe débẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, agbépòó ló ń gbé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò nílé kálukú, inú omi náà ni wọ́n sì ń dà á sí. Nígbà tí iṣẹ́ agbépòó kásẹ̀ nílẹ̀, kálukú gbẹ́ ṣọ́kàwéè sí àgbàlá rẹ̀, ìyẹn kòtò tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé ń lọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í fa omi mu, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní pẹ́, kòtò á ti kún. Ọkọ̀ tó ń fa ṣọ́kàwéè kò sì lè wọ àdúgbò wa, torí ọ̀nà wa há débi pé tí ẹni méjì bá ń jà níbẹ̀, ẹni kẹta ò lè kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn wa fi dá ọgbọ́n kan. Wọ́n fi páìpù so ṣọ́kàwéè mọ́ gọ́tà tó ṣàn lọ sínú ọ̀sà, wọ́n sì fi àkísà dí ẹnu páìpù náà. Bí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á yọ àkísà, wọ́n á sì fi ọ̀pá irin gún un títí á fi máa ṣàn. Wọ́n á ní, "Òjò ni yóò gbé e lọ." Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ìwà ọ̀bùn. Ìmọ́tótó ni lójú wa. Ilé tí kò bá ṣí tirẹ̀ nígbà òjò, àwọn obìnrin ibẹ̀ là ń pè ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ilé wa. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, torí pé apẹja ni láti kékeré, ó sì ní ọkọ̀ onígi kan tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Nígbà tí ẹrẹ̀ dí èbúté wa tí ọkọ̀ ò lè gúnlẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òdìkejì ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá fẹ́ fojú kan ọkọ̀ rẹ̀, àfi kó lọ wọ mọ́tò ní Adéníji Adélé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa àwa ọmọdé lẹ́rìn-ín, pé apẹja ń wọ mọ́tò lọ wo ọkọ̀ ojú omi. Kì í pa òun lẹ́rìn-ín. Á ní, "Ọkọ̀ mi wà lájò. Mo fẹ́ kó wálé kí n tó kú."

Mo rántí ìgbà tí àwọn kọngilá dé. Mo ti kàwé jáde nígbà náà, mo ń bá obìnrin Ìjẹ̀bú kan tajà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní CMS, mo sì ń wá iṣẹ́ tó bá ìwé mi mu. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti silẹ̀ sábẹ́ omi létí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí omi lè mọ́, kí èbúté sì padà sípò. Wọ́n ń wá ọmọ àdúgbò kan tí yóò máa ṣe alárinà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn onílé. Mo gba iṣẹ́ náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fún mi ní bùútù, akoto àti ẹ̀wù kan tó ń tàn yanran. Kò ṣe é ṣàpèjúwe bí mo ṣe ń rìn lọ́jọ́ náà. Mo dé akoto láti ibi iṣẹ́ délé, mo dé e jẹun alẹ́, títí ìyá mi fi bi mí bóyá òrùlé ilé wa fẹ́ já ni.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní tirẹ̀ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé akoto náà, ó sì ṣàdúrà gígùn. Nígbà tó parí, ó ní, "Ṣé o rí i, ìwọ ni Ọlọ́run fẹ́ lò. Ìwọ lo máa mú ọkọ̀ mi wálé." Mo ṣe àmín, mo sì gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lójú mi, omi la ń dà síwájú yẹn, ó kù kí á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀gá ẹnjiníà wa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Wọ́n gbé katakata sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, ó ń na apá rẹ̀ gígùn sísàlẹ̀ omi, ó ń bu ẹrẹ̀ sókè. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan ń jáde, abọ́ tánganran ń jáde, ike ń jáde, kódà póò àwọn agbépòó tó ti dógùn-ún jáde pẹ̀lú. Wọ́n ń rọ ẹrẹ̀ náà sínú àwọn àpò ńláńlá tí wọ́n tẹ́ sétí omi, omi á máa ro kúrò lára wọn, bí ẹrẹ̀ bá sì gbẹ, típà á wá kó o lọ sí ibi tó jìnnà sílé àti sódò. Ọ̀gá ẹnjiníà ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ìgbẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, pé epo mọ́tò àti òjé bátìrì wà níbẹ̀, pé ẹja ń jẹ ẹ́, àwa náà sì ń jẹ ẹja. Bí wọ́n bá ti rú ìsàlẹ̀ omi báyìí, òórùn á gba gbogbo àdúgbò kan, èmi tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n á sì bú. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá wọ́n ń sanwó fún mi láti jí òkú dìde.

Ọ̀gá ẹnjiníà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, a máa kó ẹrẹ̀ yìí tán. That one is easy. Gọ́tà yẹn ni problem. Tí òjò bá rọ̀, tí àwọn èèyàn yín bá tún ṣí ṣọ́kàwéè, a kàn ń bá omi ṣeré ni." Ó ti bẹ àwọn ọ̀gá tirẹ̀ pé kí wọ́n wá ọkọ̀ kékeré tó lè wọ ọ̀nà tóóró, kí ó máa fa ṣọ́kàwéè àwọn èèyàn. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ni wọ́n gbé fún àwọn láti kó, wọn ò gbé ìgbẹ́ fún àwọn. Bí ẹni pé nǹkan méjì ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé sílẹ̀ fún mi, pé èèyàn mi ni wọ́n, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn.

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lé mi. Ará Èkó tí kò bá fẹ́ ṣe ohun tí o wí kò ní bá ọ jà. Á gbà fún ọ ni, á sì fún ọ ní mínírà tútù. Obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnì nínú ilé tó kángun sí tiwa, Ìyá Olówùú, gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Ìwà ọ̀bùn gbáà ni. Ṣé o ti dé Ìsàlẹ̀ Gángan ṣá? Àwọn gan-an ló ń ṣe é." Mo dé Ìsàlẹ̀ Gángan, wọ́n ní àwọn ará Adéníji Adélé ni. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí mo bá àwọn ará ilé tiwa sọ ọ́, Bàbá Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá mi dá sí i, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ wí o." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo padà lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá ẹnjiníà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Iṣẹ́ náà sì dára, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wa, omi fà sẹ́yìn, a sì rí iyanrìn. Kò funfun tó bí àwọn àgbà ṣe sọ, ṣùgbọ́n iyanrìn ni. Bàbá Ọlọ́kọ̀ bọ́ bàtà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó sì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ òun ń bọ̀ wálé, kí wọ́n sọ fún gbogbo ará àdúgbò, kí wọ́n dín mọ́sà àti àkàrà, sàráà ni òun fẹ́ ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì fi akoto bo ojú mi kí wọ́n má bàa rí i.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ni òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Mo wà níbi iṣẹ́, a ń fi tapólì bo àwọn àpò ẹrẹ̀. Imú mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Nígbà tí mo máa yíjú wo ẹnu gọ́tà, omi tó ń ti ibẹ̀ jáde ti nípọn, ó ti dúdú. Mo tẹ̀ lé gọ́tà náà gòkè nínú òjò. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, ìdérí ti wà ní ṣíṣí, àwọn èèyàn dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá irin, wọ́n sì ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí, òjò yìí mà pọ̀ o. Àwọn tó fún mi ní mínírà ni. Mo ń sáré lọ sílé wa, torí mo ní ó kéré tán tiwa á wà ní pípadé.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló dúró lórí ṣọ́kàwéè wa. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, omi òjò ń ro ní etí fìlà rẹ̀, ó ń pàṣẹ fún àwọn obìnrin ilé kí wọ́n máa da omi ọṣẹ tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ó ní, "Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Mo ní kí ilé mọ́. Ọlọ́run ló rọ òjò yìí fún wa."

Mo bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ rò pé ó ń lọ?"

Ó ní, "Òkun ni. Níbo ni ì bá tún lọ? Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń dúró, torí ẹrẹ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ti là á báyìí. Wò ó bó ṣe ń lọ geerege. Iṣẹ́ yín dáa."

Gbogbo ìwàásù mi, ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn, pé a ń la ọ̀nà kí ìgbẹ́ wọn lè yára dé òkun. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sáré wá pè mí pé atẹ́gùn ti ká tapólì, mo sì bá a lọ. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí kí ó sì tọ́.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ. Bàbá ti jí lọ sí òdìkejì ọ̀sà láti lọ bá ọkọ̀ rẹ̀ wá. Gbogbo wa dúró ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n mọ́sà dání, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wo ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tuntun ti tẹ́ sórí iyanrìn náà láti ìkángun kan dé èkejì, ó tutù, ó ń dán. A rí ọkọ̀ náà lókèèrè, àwọn atukọ̀ méjì wà lẹ́yìn, Bàbá dúró síwájú nínú agbádá funfun. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ náà súnmọ́ tòsí, imú rẹ̀ yọ̀ wọnú ẹrẹ̀, ó sì dúró. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti sọ̀ kalẹ̀, ó wá rí ibi tó fẹ́ gbé e lé. Ẹsẹ̀ náà wà lókè bẹ́ẹ̀.

Ó bèèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn obìnrin ilé wolẹ̀. Ìyá Olówùú gbójú sókè bí ẹni pé òjò tún ṣú. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mo ti sọ, kò dùn wọ́n létí, ṣùgbọ́n mo tún sọ.

Mo ní, "Bàbá, òjò àná ni. Tiwa wà níbẹ̀."

Ó ní, "Mo ní òkun ló ń lọ."

"Kì í dé òkun, Bàbá. Ibí ló ń dúró sí."

Ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀. "Ṣé tiwa nìkan ni?"

"Kì í ṣe tiwa nìkan."

Ó ní, "Ó dáa." Ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó jókòó, ó sì ní kí àwọn atukọ̀ yí i padà. A dúró, a ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi kéré lójú wa. Mọ́sà tutù. Èmi ni gbogbo ilé bá wí lọ́jọ́ náà, wọ́n ní mo dójú ti àgbà níta. Ìyá mi ní, "Ṣé o ò lè jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ná, kí o tó sọ ọ́?" Mo ronú lórí ìbéèrè náà títí, n kò rí ibi tí ì bá sọ̀ kalẹ̀ sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn kọngilá kó ẹrù wọn. Wọ́n ti ya fọ́tò iyanrìn náà kí òjò tó rọ̀, wọ́n sì gbé e sára bọ́ọ̀dù ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ etí omi, pé iṣẹ́ ti parí. Bọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀ títí di òní, fọ́tò iyanrìn lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá ẹnjiníà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní "Àǹtí, we tried," ó sì wọ mọ́tò. N kò bi í léèrè ohun tí a gbìyànjú rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe bíríkìlà kan, ọmọ Ẹ̀gbá, ó ní kó yọ àkísà kúrò lẹ́nu páìpù wa, kó fi sìmẹ́ǹtì dí i pa. Àwọn obìnrin bi í pé níbo ni yóò máa gbà. Ó ní kí wọ́n wá àwọn tí ń fi ọmọlanke kó o. Wọ́n ní wàhálà nìyẹn. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó sì wọlé lọ. Ó ṣì ń lọ wọ mọ́tò ní Adéníji Adélé láti lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Bí ó ṣe kú nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún wa pé igi rẹ̀ ti ń jẹrà níbi tí ó wà.

Inú agbo ilé náà ni mo ṣì ń gbé. Àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá mi ti pe ìpàdé lórí sìmẹ́ǹtì yẹn ju bí mo ṣe lè rántí lọ. Wọ́n ní òórùn ṣọ́kàwéè ń pa àwọn, wọ́n ní ọmọlanke kì í wá lásìkò, wọ́n sì ní bí a tilẹ̀ dí tiwa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, omi kò ní mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo máa ń retí ìbéèrè kan, wọn kì í sì í já mi kulẹ̀. Àbúrò mi kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tiwa nìkan ni?" Ohun tí mo máa ń sọ ni pé Bàbá ló dí i, bí wọ́n bá sì fẹ́ fọ́ ọ, kí wọ́n fọ́ ọ lójú mi. Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì fọ́ ọ.

Bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń gbé àpótí àti agbòjò jáde, mo máa ń lọ jókòó lórí ìdérí ṣọ́kàwéè wa. Àwọn ọmọ ilé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àǹtí ń ṣọ́ ìgbẹ́. Mo tún jókòó síbẹ̀ nígbà tí òjò àìpẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìyá Olówùú jáde láti ilé tó kángun sí tiwa, ó ti darúgbó, ó fi ọ̀rá borí, ó mú ọ̀pá irin dání. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọmọ mi, kú òjò o."

"Ẹ kú òjò, mà."

Ó ki ọ̀pá bọ abẹ́ ìdérí tirẹ̀, ó gbé e, kò gbé. Ó tún un gbé. Ó wá yíjú sí mi. "Jọ̀ọ́, wá bá mi gbé e. Ó ti wúwo ju agbára mi lọ."

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí yóò máa wo àgbàlagbà tó ń gbé ohun wúwo. Láti kékeré, kí wọ́n tó pè mí ni mo ti máa ń dìde. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí irin, mo di agbòjò mi mú. N kò dìde. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó ní ayé ti bàjẹ́, ó sì fi gbogbo ara tẹ ọ̀pá náà títí ìdérí fi ṣí. Òjò gbé e lọ, títí dé èbúté Bàbá.